Ẹja Ìsọmọlórúkọ Ọmọ Ológbò

Nígbà láéláé, kí Ológbò tó mọ ọ̀nà ilé ènìyàn rárá, inú igbó ló ń gbé. Omi kì í bà á lẹ́rù nígbà náà. Ó lè wọ odò dé ọrùn bí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kì í wù ú, nítorí ó gbà pé iṣẹ́ àwọn tí kò mọ ọdẹ ṣe ni wíwọ odò, àti pé ẹni tí èékánná rẹ̀ mú tó tòun kò yẹ kó fi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan láti kékeré, Awọ́nríwọ́n etí odò, tí ó dà bí alángbá ńlá, tí ìrù rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ jí ẹyin ẹyẹ jẹ nígbà èwe wọn. Ológbò fẹ́ràn rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ẹní àtijọ́: ó ń jókòó lé e.

Ìyàwó Ológbò, ọmọ Bàbá Ẹtà, bímọ. Láyé ìgbà náà, wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ láì fi ẹja kàn án ní ètè, ọwọ́ baba ọmọ ni ẹja náà sì gbọ́dọ̀ ti wá. Bàbá Ẹtà mọ irú àna tí òun ní. Ó rọra bi í bóyá kí òun bá a wá ẹja. Ológbò rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ẹbí.

“Bàbá, ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Ẹja àrọ̀ tó tó itan mi ni ọmọ mi yóò fi ẹnu kàn.”

Kò pa ẹja rí láyé rẹ̀. Ṣé ó rántí ìyẹn? Kò rántí. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ó lọ bá Awọ́nríwọ́n, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣe é lóore. Ó ní kí àwọn jọ dẹ igbó láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn jọ pẹja lọ́sàn-án, bí ìgbà èwe. Inú Awọ́nríwọ́n dùn. Ẹni tó ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri kì í yẹ ọ̀rọ̀ wò.

Nínú igbó, Ológbò ló ṣíwájú. Ìgbàkígbà tí ìrù Awọ́nríwọ́n bá ti wọ́ ewé gbígbẹ, Ológbò á dúró, á mí kanlẹ̀, á mi orí. Ó ní bóyá kí àwọn ká ìrù náà mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tó yá, ó pa òkété kan tó sanra. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ọdẹ ṣe. Ṣùgbọ́n àṣà ọdẹ ni pé ẹni tó báni dẹ igbó ló ni itan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ eṣinṣin nìkan ló lé. Ológbò gé ìrù òkété, ó jù ú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Gba tìrẹ. Ìrù ló kúkú ń dà ọ́ láàmú láti àárọ̀.”

Awọ́nríwọ́n ṣa ìrù náà nílẹ̀. Ó dùn ún gan-an.

Nígbà tí wọ́n dé odò, Awọ́nríwọ́n mọ amọ̀ sé ojú omi kékeré kan, kí omi òkè má lè ṣàn wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà ló ń fi igbá gbọ́n omi tó kù dànù, kí ẹja lè kù sórí ẹrẹ̀. Ó kìlọ̀ fún Ológbò pé amọ̀ náà ṣì tutù, ẹnikẹ́ni kì í sì í gùn ún títí a ó fi gbọ́n omi tán. Bí kò bá ní gbọ́n omi, kó lọ jókòó sábẹ́ igi.

Èèrà wà lábẹ́ igi. Orí amọ̀ ni ọ̀gbẹ́ni jókòó sí. Ibẹ̀ ló ti ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín, tó ń sọ pé irú iṣẹ́ báyìí, òun lè sùn kí òun máa ṣe é. Awọ́nríwọ́n ń gbọ́n omi lọ ní tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀yìn, tí àrọ̀ ńlá kan sì yí gbirigbiri lórí ẹrẹ̀.

Ológbò rí ẹja tí yóò fi yan lójú àwọn àna. Kò sì fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kọ́kọ́ kàn án. Ó kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó fi gbogbo agbára ta amọ̀ nípàá, ó fò.

Amọ̀ wó. Omi òkè dé. Ó bo ọdẹ, ó bo èékánná, ó gbé òkété lọ. Ẹja padà sílé wọn. Ológbò mu ẹrẹ̀ yó, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́, ó wá ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oríkì tí kò pè é láti kékeré. Awọ́nríwọ́n bẹ́ wọ omi, ó di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà mú, ó wọ́ ọ jáde.

Irun Ológbò lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àṣé kò tóbi ju òkété lọ.

“Ìrù lo fún mi láàárọ̀,” ni Awọ́nríwọ́n wí. “Ìrù tìrẹ náà ni mo fi fà ọ́ jáde. A ò jẹ ara wa ní nǹkan kan mọ́.”

Ológbò wúkọ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun mú ẹyọ kan, nítorí ọmọ. Awọ́nríwọ́n ní òun yóò mú un nítorí ọmọ, bí baba ọmọ bá lè wọ omi bá òun di igbá mú, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ológbò wo omi. Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ó fà á yọ kíá, ó gbọ̀n ọ́n. Awọ́nríwọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó mòòkùn wọ odò lọ, kò sì padà wá.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ẹbí ti péjọ. Ológbò ń rìn kiri lẹ́bàá ìlú àwọn ènìyàn, níbi tí obìnrin kan ti ń yan ẹja. Obìnrin náà lọ ṣa igi ìdáná. Ìwọ náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá Ẹtà gbóòórùn ẹja náà. “Àna mi, odò wo ni ẹja ti ń rùn fún èéfín?”

Síbẹ̀ wọ́n fi ẹja náà kan ọmọ ní ètè, nítorí ọjọ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ọmọ lá ẹnu, ó sì ké pé òun ń fẹ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ Ológbò kò ti rí oúnjẹ mìíràn tó dùn tó ẹja, tí kò sì jẹ́ wọ odò tí ẹja wà. Ìdí ààrò wa ló ń ba sí. Bí ìkán omi kan bá sì ta sí i lẹ́sẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ náà sókè, á gbọ̀n ọ́n, gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ṣe gbọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n ní kó wá di igbá mú.