Ẹbọ Iṣẹ́ Tí Kò Tíì Parí

Egbò tí a bò mọ́lẹ̀ níí kẹ̀. Èyí tí a fi han aláàánú níí jinná. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jáde fún Ìbídùnní, ọmọ Àjàṣẹ́, ní àkókò tí ìwé oyè ọ̀mọ̀wé há a lọ́fun bí eegun ẹja.

Omi kànga tó ti bàjẹ́ ní àwọn abúlé kan ni ó ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ó ti bu omi náà, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti bá àwọn tó ń mu ún sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, orí kejì ìwé náà kò parí. Ohun tó bá kọ ní òwúrọ̀, yóò pa á rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ó fẹ́ kí ó dán kí ó tó dé iwájú ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọ̀gá. Bó bá rí ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀dán, ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni yóò gbà. Ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà nìyẹn: ẹni tó lè gbà wọ́n gan-an ni wọ́n ń sá fún. Nígbà tó yá, yunifásítì kéde pé ẹni tí kò bá kó ìwé rẹ̀ wá kí òjò ọdún náà tó dá, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àyà Ìbídùnní já. Kò lè jẹun, kò lè sùn.

Ó tọ Dókítà Fátóògùn lọ, obìnrin àgbà tó ń darí ìpàdé ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó ń kọ ìwé oyè. Adéògo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọlé, bá a lọ, nítorí ẹ̀rù kan náà ń ba òun náà.

“Ẹ gbà mí, mà,” ni Ìbídùnní wí. “Bí mo bá ti jókòó ti iṣẹ́ yìí, ńṣe ni mo ń pa ohun tí mo kọ rẹ́.”

Dókítà ní, “Ẹbọ ni kí o rú. Gbé orí kejì yẹn wá sí ìpàdé wa ní Ọjọ́bọ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Má tún gbólóhùn kankan ṣe. Kí o kà á sókè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ìtìjú rẹ ni ẹran ẹbọ náà.”

“Mà, kò tíì dára.”

“Bó bá ti dára, kí lo wá ń wá lọ́dọ̀ mi?”

Adéògo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Ẹ ṣé, mà. Ọbẹ̀ tí kò tíì jinná, èmi kì í bù ú fún àlejò.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìbídùnní dúró nínú yàrá tí fáànù rẹ̀ ń han. Ó ka orí kejì náà sókè títí dé ibi tí gbólóhùn ti já, ó ní, “Ibí ni mo ti há.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ ìwé nípa àwọn àgbẹ̀ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tó ba omi yẹn jẹ́ lẹ̀ ń wá, àbí ìdí tí wọ́n ṣì fi ń mu ún? Ẹ ti da méjèèjì pọ̀ o.”

Ìbídùnní bú sẹ́kún. Ìdí tí wọ́n fi ń mu ún ló ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó kọ ọ́. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá bá a wí níbi tó yẹ, ó sì fi ọ̀nà hàn án. Kí òjò tó dá, ìwé náà wọlé.

Adéògo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì kọ ìwé tirẹ̀ tán lóòótọ́. Ó gún régé. Nígbà tí ọjọ́ ti sún mọ́ etílé ló tó gbé e fún ọ̀gá tirẹ̀. Ọ̀gá ka orí àkọ́kọ́, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Adéògo, ẹlòmíràn ti dáhùn ìbéèrè yìí kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní o fi ojú ewé kan péré hàn mí nígbà náà, ǹ bá ti sọ fún ọ.”

Ìbídùnní gba oyè, ó yọ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ orúkọ Adéògo ni òun náà gbé ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé. Dókítà fún un ní àga. Adéògo kà á sókè, wọ́n sì tẹ́tí sí i dé òpin. Ẹni tó rúbọ rí ire. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín jókòó sáàárín àwọn tó ì bá ràn án lọ́wọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún un mọ́.