Òkúta tí Láníhun Jókòó Lé

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kò sí agbo ilé tí a kì í ti í pa òwe yìí, àmọ́ ẹ bi ẹni tó pa á léèrè ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé orí ni yóò máa họ. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n? Bí àgbà kan ṣe sọ ọ́ fún mi náà ni n óò ṣe sọ ọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní abúlé kékeré kan, Láníhun lorúkọ rẹ̀. Ó mọṣẹ́, ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ lè sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Mo ti mọ̀." Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Ìdómògùn, ìlú àtijọ́ tí odi yí ká. Àwọn ẹbí ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀jẹ́dìran, bàbá Àwẹ̀ró, wá ní kí wọ́n rán Láníhun wá kí àwọn fojú rí i kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìdána.

Nígbà tó ń lọ, ìyá rẹ̀ ní, "Ìlú tó ti pẹ́ láyé, èèwọ̀ a máa pọ̀ níbẹ̀. Máa béèrè o."

"Mo ti mọ̀, Ìyá mi."

Ó dé Ìdómògùn ní ọ̀sán. Ó rí àwọn òpó ààfin tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Ó rí ojú ọ̀nà tí àwọn baba ńlá fi àpáàdì tẹ́ létòlétò bí ẹní. Láníhun dúró lórí iṣẹ́ ọnà yìí, ó mi orí, ó sọ fún ọkùnrin kan tó ń kọjá pé, "Ìlú ńlá báyìí, ẹ ò rẹ́ni gbálẹ̀! Àfọ́kù ìkòkò kún gbogbo ọ̀nà."

Ọkùnrin náà wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó wọ agbo ilé Ọ̀jẹ́dìran, bàbá náà ń wẹ̀ lọ́wọ́. Òkúta dídán kan wà lábẹ́ igi odán, wọ́n ró aṣọ aró mọ́ ọn nídìí, igbá omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láníhun kò bi ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó gbé omi, ó mu ún gbẹ.

Àṣé ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣú opó ní agbo ilé náà, ìbáà ṣe àlejò, kì í fẹnu sọ ọ́. Orí òkúta yẹn, tí wọ́n ró aṣọ opó mọ́ nídìí, ni yóò jókòó sí, yóò sì mu omi rẹ̀. Opó kan ṣoṣo ló sì wà nílé lásìkò náà: Ìyá Ẹfúnyẹlá, tí eyín ẹnu rẹ̀ ti ń dágbére.

Ni àwọn obìnrin ilé bá bú sórin. Àwọn ọmọkùnrin Ìyá Ẹfúnyẹlá, tí irùngbọ̀n wọn ti funfun, sáré jáde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá wa!"

Láníhun rò nínú ara rẹ̀ pé, "Àwọn ará ìlú yìí mọ àna pọ́n lé o." Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi."

Àgbà nínú wọn bi í pé, "Ṣé tọkàntọkàn lẹ fi fẹ́ ẹ?"

"Tọkàntọkàn ni!"

"Ẹ ò ní kọ̀ ọ́ bí ara rẹ̀ bá ń ṣòjòjò?"

"Láéláé! Ẹ̀yìn mi ni n óò máa pọ̀n ọ́n sí."

Ibẹ̀ ni Ọ̀jẹ́dìran jáde sí, Àwẹ̀ró ń tẹ̀ lé e. Ó béèrè ẹni tí àlejò náà í ṣe. Wọ́n ní, "Ọkọ ìyá wa ni."

"Láníhun!" Àwẹ̀ró pariwo.

Láníhun fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran ní, "Ìwọ tí o wá fẹ́ ọmọ mi, opó ẹ̀gbọ́n bàbá mi lo wá ṣú?"

Wọ́n wá là á yé e. Ẹni tó bá ti jókòó sórí òkúta kò gbọdọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà, àfi bí opó fúnra rẹ̀ bá tú u sílẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró, omi lé ròrò sójú ọmọ náà.

Ìyá Ẹfúnyẹlá fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. "Ọmọ, kí lo rí nídìí òkúta yìí?"

"Aṣọ aró ni, Màmá."

"Kí lo rò pé ó ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo rò pé... kí ìdí àlejò má baà dọ̀tí ni."

Agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láníhun dorí kodò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ní, "N kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ìyá náà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀yin onílé ló yẹ kẹ́ ẹ bá a ríran. Èmi gan-an ò tilẹ̀ wá ọkọ tí n óò máa fà lọ́wọ́ kiri."

Ó tú u sílẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ ìdána. Àwẹ̀ró mú Láníhun yí ìlú ká nírọ̀lẹ́ náà, kò sì sí ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé tí kò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé kí n tẹ ibí?" títí Àwẹ̀ró fi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí ló tàn kálẹ̀. Bí àjèjì bá ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú ìlú tí kò mọ àṣà rẹ̀, òun ni àwọn àgbà fi ń bá a bẹ̀bẹ̀ kí onílé má bínú. Bí ẹnìkan bá sì ń lọ sí ibi tí kò dé rí, tó ń yan bí ẹni pé òun ló tẹ ibẹ̀ dó, wọn a rọra sọ ọ́ sí i létí: Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí ó béèrè kó tó jókòó.