Àáró Orí Fóònù

Káfíńtà kan wà, iṣẹ́ òrùlé ni tirẹ̀. Bí omi bá ń jò wọ ilé, tí àwọn mìíràn ti kan ìṣó títí tó fi sú wọn, òun ni wọ́n ń pè. Ó mọ̀ pé ibi tí omi ti ń kán sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó gbà wọlé. Omi a gba ojú ihò kékeré kan wọlé lókè pátápátá, a tọ igi òrùlé lọ, a wá lọ kán sórí ibùsùn ní yàrá kejì. Onílé á máa lẹ òkè ibùsùn, omi á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà yìí kì í lẹ ohunkóhun títí yóò fi rí ojú ihò náà gan-an.

Àmọ́ ayé yí padà. Àwọn onílé kò bi aládùúgbò léèrè káfíńtà mọ́, fóònù ni wọ́n ń bi. Iṣẹ́ wá ń dín kù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku òun nìkan ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí òjò ọdún náà bá tún kọjá báyẹn, òun yóò ti ilẹ̀kùn, òun yóò lọ máa ṣọ́ géètì fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe eré ló ń ṣe.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti bá a ṣí ojú ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán páànù ló wà lókè rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù ló wà nísàlẹ̀, kò sí ohun mìíràn. Bí ènìyàn bá fi ẹ̀rọ awárí wá káfíńtà òrùlé, ojú ìwé àwọn ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ jáde. Tirẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ìka ẹnikẹ́ni kì í dé.

Káfíńtà náà wò ó, ó rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níwájú ni èrò ń wọ́ lọ. Ó wá pinnu nínú ara rẹ̀ pé èrò yẹn ló gbé wọn débẹ̀. Ọkùnrin tó mọ̀ pé ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti wọlé, òun náà ló ronú báyìí o.

Ibi tí yóò ti rí èrò kò ṣòro fún un. Ọmọ àgbẹ̀ ni, inú àáró ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà: lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ á ro oko tèmi, lọ́la, wọn á ro tìrẹ. Ó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tirẹ̀ jọ sórí Wọ́sáàpù, ó sọ fún wọn pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Wọ́n fẹnu kò pé láràárọ̀, kí oníkálukú máa ṣí ojú ìwé gbogbo ẹgbẹ́, kí ẹ̀rọ awárí lè rí i pé ẹsẹ̀ èrò kì í dá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ara wọn lójúkojú rí. Obìnrin aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì ìlú wà nínú wọn, kì í pa ọjọ́ kankan jẹ.

Iṣẹ́ náà rọrùn. Èèyàn á ṣí ojú ìwé, á tì í, á kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé òun ti ṣí i, onínǹkan á dúpẹ́. Wọ́n pè é ní àáró, àmọ́ èmi ò mọ àáró tí èèyàn ti í dé etí oko ẹlòmíràn, kí ó ní ẹ kú iṣẹ́, kí ó sì gbé ọkọ́ rẹ̀ padà sílé. Koríko kì í gbọ́ ẹ kú iṣẹ́.

Oṣù ń gorí oṣù, ojú ìwé káfíńtà kò kúrò níbi tó wà. Ó ní kí wọ́n máa ṣí i láàárọ̀, kí wọ́n tún máa ṣí i nírọ̀lẹ́. Nígbà tí kò sí ìyàtọ̀, ó lọ bá àbúrò ìyàwó rẹ̀. Èyí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò mọ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ náà kò jókòó sẹ́nu géètì ẹnikẹ́ni láti máa ka orí àlejò. Ohun tí èèyàn béèrè ló ń wá ìdáhùn sí. Ẹni tí ìdáhùn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti gbé síwájú, ìgbà tó bá sì gbé e síwájú tán ni èrò ń ya lọ síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ síbẹ̀," ló wí. "Ẹ sọ fún wọn ìdí tí òrùlé tí wọ́n ti lẹ̀ fi tún ń jò. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Káfíńtà ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó sin ọ̀gá rẹ̀ títí kó tó rí ìmọ̀ yẹn gbà. Ṣé òun yóò wá tú àṣírí iṣẹ́ sí gbangba, kí gbogbo ẹni tó bá ti ní òòlù máa fi jẹun? Ó padà sídìí àáró rẹ̀, ó tún wá àwọn mìíràn kún ẹgbẹ́.

Òjò dé. Lọ́jọ́ kan, káfíńtà ń ti ìsìnkú kan bọ̀ ní òdìkejì ìlú, ó rí orúkọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà lára pátákó. Àwọn ọkùnrin kan wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, wọ́n ń ṣí páànù.  Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Wọ́n mọ iṣẹ́. Wọn kò fọwọ́ kan òkè ibi tí omi ti ń kán. Ipa omi ni wọ́n ń tọ̀ lára igi gòkè lọ, bí òun ìbá ti ṣe é gẹ́lẹ́. Èyí dùn ún ju bí wọ́n bá ń bà á jẹ́ lọ.

Ó wọlé, ó kí obìnrin náà, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ bí wọ́n ti ń pè é nínú ẹgbẹ́. Inú obìnrin náà dùn. Ó gbé àga fún un, ó fi omi lọ̀ ọ́. Káfíńtà bi í bí ó ti ṣe rí àwọn tó wà lókè. Obìnrin náà ní ọ̀pọ̀ ló ti lẹ òrùlé náà tí kò gbà, tí omi sì ń ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Òun wá bi fóònù léèrè ìdí tó fi ń jò síbẹ̀. Ojú ìwé àwọn yẹn ló jáde, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ débi tó fi yé òun.

"Ẹ sì ń ṣí ojú ìwé tèmi láràárọ̀," ni káfíńtà wí.

Obìnrin náà wò ó. "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà ń ṣe òrùlé ni? Mo rò pé páànù lẹ ń tà. Ẹ má bínú, sà. Mo máa ń ṣí i, mo sì máa ń tì í. Mi ò kà á rí."

Ó fẹ́ bínú. Ó gbójú sókè láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, ojú rẹ̀ sì bá ohun tó wà lára ògiri. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ yí ká, àti fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ tónítóní. Òun náà ti ń ṣí ojú ìwé obìnrin yìí láràárọ̀. Ọmọ káfíńtà obìnrin bímọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, káfíńtà sì wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn kó tó rí aṣọ tó wù ú rà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó mu omi tí wọ́n gbé fún un, ó dúpẹ́, ó jáde.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, ọ̀rọ̀ dé sínú ẹgbẹ́ láti ọ̀dọ̀ aránṣọ náà: "Bàbá Ìbejì, mo ti ṣí tiyín o." Káfíńtà dáhùn pé, "Ẹ ṣé gan-an, màmá." Kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn í sọ. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ó ti ta àkàsọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa òrùlé bá a lọ sídìí géètì olówó kan, kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní níbẹ̀.

Ìwọ tí o wá bi mí léèrè bóyá èrò ní ń gbé ojú ìwé ga, tí o tún ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta èrò, mo ti dá ọ lóhùn. Inú ń bí mi sí ọ, nítorí kì í ṣe orí fóònù nìkan lo ti ń ṣe é. Àwọn tó ń kí ọ lẹ́yìn ìsìn kò níye, àwọn tó ń kọ "àmín" sábẹ́ ohun tí o bá gbé síta kò níye, o sì ti fi wọ́n ṣe ọrọ̀. Lọ yan ẹnì kan nínú wọn, kí o bi í pé kí ni ìwọ lè ṣe fún un bí wàhálà bá dé. Bí kò bá mọ̀, rántí pé ìwọ ni kò sọ fún un. Kí o sì tó bínú sí i, dárúkọ iṣẹ́ tirẹ̀ fún un, bí o bá mọ̀ ọ́n.