Ìwé Ọgbà Ajíbóyè

Obìnrin kan wà ní Òkè-Ọ̀sán tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Morádéyọ̀. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ata kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ọgbà ẹlòmíràn. Àṣà ìdílé wọn ni pé irúgbìn ata náà kì í jáde nílé àfi bí ọmọbìnrin bá ń relé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Morádéyọ̀ ṣe dì í lé e lọ́wọ́. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, Àjọkẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Morádéyọ̀ bí, ti ń múra ilé ọkọ. Ọ̀dá sì ti pa ata náà, ó ku igi kan péré.

Ajíbóyè ni aládùúgbò wọn. Ọgbà rẹ̀ fara ti tiwọn, kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni ní ohun tí òun kò ní. Ó ti tọrọ irúgbìn náà nígbà kan.

“Ẹ má bínú, bàbá,” ni Morádéyọ̀ dá a lóhùn. “Ẹ kì í ṣe ọmọbìnrin, ẹ ò sì relé ọkọ.”

Ajíbóyè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ẹ̀bùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ajíbóyè tí kì í fún adìẹ ara rẹ̀ lágbàdo yó, òun ló gbé ọkọ́ tuntun wá. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé agolo ìbomirin ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ wá. Nígbà tó yá, ó mú ìwé kan dání: Ẹ̀kọ́ Mẹ́fà fún Ọlọ́gbà Ẹ̀yìnkùlé.

“Mo yá ọ ni o, Ìyá Àjọkẹ́,” ló wí. “Kà á tán pátápátá, má fo ibì kankan.”

Ara Morádéyọ̀ kò balẹ̀. “Àjọkẹ́, kí ló dé tí ahun di ọlọ́rẹ?”

“Màámi, ìfura yín pọ̀ jù. Bí èèyàn ò ṣoore, ẹ ó ní ahun ni. Ó wá ṣe é tán, ẹ tún ń fura.”

“Ìfura loògùn àgbà, ọmọ mi.”

Síbẹ̀, ó ka ìwé náà. Ilé-ìwé alẹ́ ló ti kọ́ ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń fi ìka tọ̀. Ká má parọ́, ìwé náà dára. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi eérú lé kòkòrò, àti bí a ṣe ń fi koríko gbígbẹ bo ìdí ohun ọ̀gbìn kí omi má baà tètè gbẹ. Igi ata tó ń kú lọ sọjí, ó sì so mẹ́rin. Inú Morádéyọ̀ dùn, ojú sì ń tì í pé òun fura sí olóore. Ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn ní kí a tẹ́ irúgbìn sáàárín ìwé yìí gan-an, kí a pa á dé, kí a gbé òkúta lé e fún ọjọ́ méje. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo irúgbìn tó ní láyé wà nínú ìwé Ajíbóyè.

Lọ́jọ́ kẹta, Ajíbóyè kanlẹ̀kùn.

“Ìyá Àjọkẹ́, bá mi mú ìwé mi wá. Má wulẹ̀ ṣí i, bó ṣe wà yẹn ni kí o gbé e fún mi.”

Morádéyọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè: Ta ló sọ fún un pé nǹkan wà nínú ìwé?

“Ọbẹ̀ mi wà lórí iná, bàbá. Màá gbé e wá fún yín lọ́la.”

Ó wọlé, ó gbé òkúta kúrò, ó sì yẹ ìwé náà wò láti èèpo. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá méje. Mẹ́fà jẹ́ ìwé títẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ìkeje, ewé rẹ̀ ni wọ́n sì fi sítáàṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìkẹfà. Wọ́n kọ ọ́ kó jọ ìwé títẹ̀, àfi pé àwọn lẹ́tà rẹ̀ wọ́.

“Àjọkẹ́! Wá wo oore tí o ní mò ń fura sí!”

Àjọkẹ́ fi ìka pa tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́, ó sì dúdú sí i lọ́wọ́. “Ẹ̀kọ́ keje rèé, màámi.”

“Ìkeje nìkan kọ́. Ọwọ́ olè náà wà níbẹ̀.”

Morádéyọ̀ kó irúgbìn ata rẹ̀, ó dì í mọ́ ìṣẹ́tí ìró. Ó fi irúgbìn ìkàn kíkorò rọ́pò rẹ̀, nítorí bí méjèèjì bá gbẹ, wọ́n jọra. Lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ gbé ìwé náà fún Ajíbóyè, ó sì dúpẹ́ gidigidi. Díẹ̀ ló kù kí bàbá náà sáré.

Nígbà tí ohun tó gbìn so wẹ́wẹ́, tó sì pupa bí ata, Ajíbóyè pe àwọn ará àdúgbò. “Ẹ wá wo ata tó wà lọ́wọ́ mi!” Ẹnì kan já a, ó gé e jẹ, ó sì tu ú dànù.

“Ajíbóyè, ìkàn lèyí! Ta ló fún ọ ní irúgbìn rẹ̀?”

Morádéyọ̀ ló dáhùn láti ẹ̀yìn ọgbà: “Ẹ bi í léèrè ẹ̀kọ́ keje. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé tó yá mi. Mo wo ẹ̀yìn ìkẹfà, ohun tí mo rí níbẹ̀ ju ìkeje lọ.” Ó sì rò ó fún wọn látòkè délẹ̀.

Nígbà tí Àjọkẹ́ relé ọkọ lóṣù náà, irúgbìn ata wà ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, kò sì sí ìwé kankan nínú ẹrù rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ ka iye ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.