Ẹni Tó Bá Bàbá Jiyàn

Ní sínágọ́gù wa, méjì-méjì la ń jókòó ka Tórà, ìwé Mósè, ẹnìkejì ẹni sì gbọ́dọ̀ báni jiyàn. Bàbá Adégbìté fẹ́ fi Jákọ́bù kọ́ ìjọ ní sùúrù, pé ó sin Lábánì fọ́dún mẹ́rìnlá kó tó rí Rákélì fẹ́.

“Ẹ má bínú, sà,” ni Tinúadé, ẹnìkejì rẹ̀, wí. “Gbàrà tí ọ̀sẹ̀ ìyàwó Léà, ẹ̀gbọ́n Rákélì, parí ni Lábánì ti fún un ní Rákélì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló sin ọdún méje yòókù.”

Bàbá fajúro. Ó tún un kà, ó sì rí i pé òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Sábáàtì, ó kọ́ wa nípa ọkùnrin tí ìyàwó ti wà nílé rẹ̀, síbẹ̀ tí kò yẹ àdéhùn. Ìjọ yìn ín. Ó nawọ́ sí Tinúadé.

“Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.”

Tinúadé kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé, sà. Mo ṣì ní iyàn díẹ̀ láti jà lórí ẹ̀kọ́ tòní.”