A Kì í Ṣàáró Ọgbọ́n

Bí àlejò bá dé Òkè-Àràbà tó gbọ́ tí wọ́n ń wí pé, "A ń ṣàáró oko, a kì í ṣàáró ọgbọ́n," á rò pé ahun ni wọ́n. Àlejò náà ò mọ̀kan. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú Abọ́sẹ̀dé rí.

Abọ́sẹ̀dé, ìyá Gbàdé, ń sin igba adìyẹ. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ pé yunifásítì kan lókè òkun ń kọ́ gbogbo ayé ní ìtọ́jú adìyẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀fẹ́ pọ́ńbélé, wọn ò sì béèrè ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Ó sáré pe àwọn obìnrin márùn-ún tí wọ́n jọ ń ṣàáró, tí wọ́n jọ ń gbá ilé adìyẹ ara wọn, tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Ni gbogbo wọn bá ń jó pé àwọn náà dé yunifásítì.

Ṣùgbọ́n orí àpáta nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, àpáta náà sì ga. Abọ́sẹ̀dé bá dá a lábàá pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà ṣàáró: ẹnì kan lọ́sẹ̀ kan, kó gùn ún, kó gbọ́, kó wá sọ fún àwọn yòókù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ kẹrin kan Abíọ́nà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òyìnbó náà ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, pé ìmọ́tótó ṣáá ló ń wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí lùkúlùkú, àrùn tí í pa adìyẹ, fi dé. Ti Abíọ́nà ló kọ́kọ́ ń lọ́ ọrùn. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tú yáyá lọ bá a gbálẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n kọjá sílé Abọ́sẹ̀dé, nítorí òun ni àáró kàn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ogójì adìyẹ rẹ̀ ti kú.

"Abíọ́nà, kí ni wọ́n sọ lọ́sẹ̀ kẹrin gan-an?"

"Ìyá Gbàdé, mo ti sọ fún yín. Wọ́n ní ká máa gbálẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé mú fóònù rẹ̀. Ó gba orí àpáta lọ, ó ṣí ẹ̀kọ́ kẹrin. Òyìnbó ń sáré, òun ń dá a padà. Ìgbà keje ló tó yé e: ẹsẹ̀ ènìyàn ni àrùn náà ń bá rìn. Ẹni tó bá jáde nílé adìyẹ kan kò gbọdọ̀ wọ òmíràn. Àáró wọn ló ń gbé ikú kiri!

Ó já wá sílẹ̀ bí ẹyẹ àṣá, ó dábùú ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti ń bọ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ má wọlé. Ẹsẹ̀ wa ló ń pa wọ́n."

"Ṣé ẹ̀ ń lé wa ni, Ìyá Gbàdé?" Abíọ́nà bi í.

"Mò ń lé yín lọ sórí àpáta. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in, wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn. Kí kálukú fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Èmi ni mo dá àbá burúkú, èmi náà ni mo sì pa á rẹ́: a ń ṣàáró oko, a kì í ṣàáró ọgbọ́n."

Àádọ́ta adìyẹ rẹ̀ mìíràn ṣì kú kí àrùn náà tó lọ; àádọ́fà ló yè. Lọ́jọ́ kejì tó lé wọn, obìnrin mẹ́fà tò gun àpáta, kálukú pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, Abíọ́nà ló ṣíwájú. Wọ́n gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń pariwo mọ́ òyìnbó bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn.

Títí dòní, bí ọmọ kan bá ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun gbọ́ ohun tí tíṣà máa sọ, ará Òkè-Àràbà kì í bínú. Á kàn nàka sí àpáta náà, á ní: a ń ṣàáró oko, a kì í ṣàáró ọgbọ́n. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi adìyẹ.