Ayùn Ọnàwùmí àti Iyanrìn Etí Odò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ iná, kí ẹni tó bá ń bẹ̀rù di ìyá rẹ̀ mú. Ààlọ́ mi dá lórí Ọnàwùmí, ọkùnrin tó ń la òkúta bí ẹni la pákó.

Ọnàwùmí kì í fi ọwọ́ là á. Ó gbé kẹ̀kẹ́ onígi ńlá sínú odò. Omi á máa yí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ á máa fa ayùn lọ, á máa fà á bọ̀: ṣàà, ṣàà, ṣàà. Ayùn náà kò léyín o. Iyanrìn tó ń dà sábẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ òkúta.

Ọba wá ní kó la òkúta ẹnu ọ̀nà ààfin tán kí ọdún tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Òkúta yìí le koko, iyanrìn lásán kò ràn án. Ibì kan ṣoṣo ni iyanrìn tó mú wà: etí odò, níbi tí wọ́n ń sin àwọn tí omi gbé. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ẹni tí odò bá pa, etí odò là ń sin ín sí. Ibẹ̀ ni Àyọ̀ká wà láti èṣí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọnàwùmí bí.

Ó ní, “N ò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Ẹ̀gbẹ́ kan ni màá ti bù ú.”

Ó bu agbọ̀n kìíní. Akàn yọjú nínú ihò, ó ní, “Ọnàwùmí, àwọn kan ń sùn níbí o.” Ó da iyanrìn sábẹ́ ayùn. Ayùn ń mí, hììn, hììn, bí ẹni tó sùn.

Ó bu agbọ̀n kejì. Akàn ní, “Ọnàwùmí, ẹ̀gbẹ́ lò ń gbẹ́, àárín ló ń ya lulẹ̀.” Ó da iyanrìn sábẹ́ ayùn. Èèyàn bí ogún ń sunkún nínú ayùn. Ọnàwùmí na ọwọ́ kó dá ayùn dúró, ṣùgbọ́n ó rántí ọba, ó tún mú agbọ̀n.

Ó bu agbọ̀n kẹta. Akàn wọ ihò rẹ̀ lọ. Bí iyanrìn ti kan ayùn, ohùn ọmọdé dá orin:

Bàbá mi, ẹ fi mí sílẹ̀ o,
— Ṣàà, omi ń lọ.
Iyanrìn laṣọ mi o,
— Ṣàà, omi ń lọ.
Ẹ ti ṣí i lára mi o,
— Ṣàà, omi ń lọ.
Òtútù ń mú mi o,
— Ṣàà, omi ń lọ.

Ẹ rọra gbè é. Ẹ má wo ẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ bọ̀. Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbòló.

“Bàbá Àyọ̀ká, ta ló ń kọrin?”

“Ayùn ni.”

“Ọmọ tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé, ṣé mi ò ní mọ ohùn rẹ̀ ni?”

Òkúta ku ìwọ̀n ìka kan kó là. Ọnàwùmí wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì fa ayùn sókè. Ó ní kí òun kó iyanrìn padà. Ó kó, kó, kó, kò kún igbá, nítorí omi ti gbé e lọ. Ló bá fi òòlù lu òkúta ọba, ó fọ́ gbàgà. Òun àti Mọrẹ́nikẹ́ wọ́ èyí tó fẹ̀ jù lọ nínú àfọ́kù rẹ̀, wọ́n fi bo ọmọ wọn. Ohùn Àyọ̀ká dákẹ́.

Ọba lé wọn nílùú lọ́jọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n omi ṣì ń yí kẹ̀kẹ́ yẹn dòní. Òkúta kan ṣoṣo ni Ọnàwùmí rí fọ́, ọmọ ọlọ́mọ bí ogún ló wà létí odò tí kò sí ẹni tó bò wọ́n. Àwọn yẹn ṣì ń kọrin.

Ohun tí ààlọ́ mi kọ́ wa nìyí: bí iṣẹ́ bá ń kán wa lójú, ká má fi ohun tí a fi bo òkú ṣe é. Ti ẹni nìkan la máa ń rántí dá padà.